Fi Àlàfo Inú Iṣu Yẹn Sílẹ̀

Ṣakí,
Sátidé, lẹ́yìn òjò òwúrọ̀.

Àṣàkẹ́ mi,

Má tíì fi iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́. Bí o bá ti fẹ́ fi ránṣẹ́, gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà kí o kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí tán. Ìkíni ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo ti pè ẹ́ títí, fóònù rẹ ò lọ. Mo mọ̀ pé o máa ń pa á nígbà tí iṣẹ́ bá ká ọ mọ́, mo sì mọ̀ pé èmi gan-an ni mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Màá ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, màá fi ránṣẹ́ sí ẹ, tó bá di pé o tan fóònù, wàá bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ bí nẹ́tíwọọ̀kì Ṣakí ṣe rí. Ojú ìwé kẹrin lè dé ṣáájú èkejì. Nítorí náà mo tún ìlà tó gbẹ̀yìn ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kọ sí òkè èyí tó tẹ̀lé e. Ibi tí o bá ti rí i pé ìlà méjì bára mu, ibẹ̀ ni kí o ti fi wọ́n gun ara wọn. Ìwọ lo kọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù ní Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ gbà padà. Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe rántí rẹ̀, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ṣe bí ẹni tó gbọ́.

O ní, “Màmá, ó ku ibì kan.”

Mo ní, “Ibo?”

“Ibì kan tí mi ò rí so pọ̀. Kọ̀ǹpútà fún mi ní ọ̀nà méjì, méjèèjì ló sì jọ òótọ́.”

“Èwo ló dáa jù níbẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, màmá.”

“Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ gbà á?”

“Mọ́ńdè.”

“Mú ọ̀kan, so ó pọ̀, fi ránṣẹ́. Ta ló fẹ́ lọ yọjú wo inú iṣu?”

O rẹ́rìn-ín díẹ̀. O wá béèrè ní ohùn kékeré kan tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ láti ìgbà tí o ti wà ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, o ní, “Tí mi ò bá rí i parí, ṣé wọ́n á lé mi?” Mo ní, “Parí ẹ̀, wọn ò ní lé ẹ.” Mo pa fóònù. Ọkọ̀ tí a fẹ́ kó iṣu sí ti ń tẹ fèrè níwájú ilé.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo bá dírẹ́bà ṣe àríyànjiyàn lórí okùn tí wọ́n fi di ẹrù, kì í sì í ṣe okùn ló ń dùn mí. Iṣẹ́ tuntun ni, wọn ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún ẹ, ìwọ nìkan lo wà ní ìlú onílùú, ohùn ìyá rẹ tó sì yẹ kó fún ẹ ní ìsinmi ló tún ń sọ pé kíá, kíá.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ohun tí ò ń ṣe yé mi. Rántí ọjọ́ tí o gba iṣẹ́ yìí, tí mo ní kí o sọ ohun tí wọ́n fẹ́ máa sanwó fún ẹ lé lórí. O ní ìwé gígùn kan wà nínú ewé iṣu kékeré, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ gbogbo ẹ̀, òun ló ń sọ fún iṣu pé kó jẹ́ iṣu, kó má lọ di ẹ̀gẹ́. Jínóòmù lẹ̀ ń pè é. Mo ní, ṣé ẹ̀rọ yín ò lè kà á láti òkè délẹ̀ ni? O ní ìwé náà gùn jù fún un, wẹ́wẹ́ ló ń kà á, ẹ̀yin lẹ óò wá máa to wẹ́wẹ́ náà padà.

Kò yé mi. O bá mú ìwé ìpè ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa tó ṣẹ́kù lórí tábìlì ilé ìdáná. Ẹ̀dà ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára gbogbo wọn. O fà wọ́n ya wẹ́wẹ́ sínú ike, èyí ya níbí, ìyẹn ya lọ́hùn-ún. O ní, “Ó yá, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ tò ó padà. Ibi tí ìparí àjákù kan bá ti bá ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn mu, ẹ fi wọ́n gun ara wọn.”

Mo ṣe é kíá. Mo kà á fún ẹ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ: “Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ìpàdé wa yóò wáyé ní Sátidé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé. Ẹ ṣeun.”

O ní, “Màmá, níbo ni ìpàdé ọ̀hún wà?”

Mo wò ó. Mi ò rí ibi ìpàdé. Mi ò rí aago. Mi ò rí ọ̀rọ̀ oògùn koríko tí mo tìtorí ẹ̀ pe ìpàdé. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀. Mo ti kọ “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé” sẹ́yìn ọjọ́, mo tún kọ ọ́ sẹ́yìn aago, mo tún kọ ọ́ sẹ́yìn ibi ìpàdé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ jọra, mo fò láti orí àkọ́kọ́ bọ́ sórí èyí tó kẹ́yìn, ohun tó wà láàárín sì ṣẹ́kù sínú ike. O tọ́ka sí ike náà. “Àwọn tó ṣẹ́kù ńkọ́?” Mo ní, “Ìyẹn ò wúlò mọ́.” O ní, “Màmá, ibi ìpàdé ló wà nínú ike yẹn.”

O ní ohun tó ń yọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu náà nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan náà bá ti ń tún ara rẹ̀ wí, kò mọ èyí tó ṣáájú, kò mọ èyí tó kẹ́yìn, ó sì lè fo ibẹ̀ kọjá kó má mọ̀ pé òun fò ó. Kò ní ké, kò ní kìlọ̀ fún ẹni kankan. Ìwé tó tò yóò máa kà geere.

Wò ó, gbogbo ohun tí o sọ fún mi ní Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó rán mi létí ike yẹn. O ní ẹ̀dà méjì ló yẹ kí o máa bá nínú iṣu, ti bàbá ẹ̀ àti ti ìyá ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kan ń yọjú fẹ́ẹ́rẹ́ níbi púpọ̀. O ní ibi kan wá wà tí ọ̀rọ̀ ti ń tún ara rẹ̀ wí tó bẹ́ẹ̀ tí o kò fi mọ ọ̀nà tó jáde, àwọn àjákù kan sì wà lọ́wọ́ rẹ tí kò wọ ibì kankan. O ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọ̀gá rẹ ń wò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n rò pé agbára tí iṣu wa fi ń kọ àrùn ewé dúdú wà. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ojú mi wà lára ọkọ̀.

Kò sí ẹni tó ń retí iṣẹ́ yìí tó àwọn ará ibí. Èmi ni mo lọ ń sọ ọ́ kiri ní ìpàdé pé ọmọ mi fẹ́ ka inú iṣu àmúlà wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé àwọn tó ń ṣe èèbù tuntun yóò máa wo ohun tó bá kà bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà. Bí o bá wá so ọ̀nà méjì tí kò kan ara wọn pọ̀, wọn ò ní mọ̀. Wọ́n á máa wá agbára náà níbi tí kò sí, ọdún á máa gorí ọdún, ewé á máa dúdú ní Àgọ́-Àrẹ, ní Ìgbòho, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ “so ó pọ̀, fi ránṣẹ́” tí ìyá kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ló fà á. Orúkọ rẹ ni wọ́n á bá lórí ẹ̀.

Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Òfì ni tèmi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ okòwò nígbà náà, mo padà sí Ìṣẹ́yìn, orí mi kún. Mo rí i pé ahunṣọ kan máa ń pẹ́ kó tó hun aṣọ ìyàwó kan tán, nítorí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń hun lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n óò wá máa rán pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ní kí ló dé tí ẹni kan á fi máa dá a hun? Mo pín in. Mo fún ahunṣọ yìí ní ìwọ̀nba, mo fún tọ̀hún ní ìwọ̀nba, òwú kan náà, ọnà kan náà, ìlà pupa tó ń padà wá, tó ń padà wá. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé, “Àǹtí, ọwọ́ wa ò le bákan náà o.” Mo ní kó ṣáà máa hun.

Bùrọ̀dá Kàmọ́rù ló ń rán wọn pọ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá ìyàwó tó ni iṣẹ́ fẹ́ wá gba aṣọ, mo débẹ̀, mo bá a tó dáwọ́ dúró.

“Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tú ẹyọ kan yìí.”

“Ṣé àwọn ìlà pupa ò bára mu ni?”

“Wọ́n bára mu.”

“Kí ló wá kù?”

“Ìdí ẹ̀ gùn jáde, orí ẹ̀ kúrú. Ó jọ pé ìlà kejì ẹ̀ ni mo fi bá ìlà kẹta èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Gbogbo wọn ló jọra.”

“Gé ìdí ẹ̀. Fi ohun tí o gé dí òkè.”

Ó gé e.

Ìyá ìyàwó ti Ìgbòho wá. Ó tẹ́ aṣọ sórí ẹní, ó ń fọwọ́ pa á, ó ń yìn mí, títí ọwọ́ ẹ̀ fi dé etí òkè. Ó dúró. O mọ̀ pé ọnà kan wà tí wọ́n máa ń fi parí aṣọ, tó yẹ kó wà nísàlẹ̀. Òun ló rí lókè, ẹyọ kan ṣoṣo, láàárín àwọn yòókù. Ó ní, “Àǹtí olókòwò, ṣé orí ni ọmọ mi máa fi rìn wọlé ọkọ ni? Ẹsẹ̀ aṣọ ló wà lórí yìí!” Gbogbo agbo ahunṣọ ló rẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ pé ọwọ́ àwọn ò le bákan náà ló rẹ́rìn-ín jù. Mo ní kí Kàmọ́rù tú u kíá. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yí tí mo rán, mo lè tú u. Ẹ̀yí tí ẹ ní kí n gé ńkọ́?”

Mo ń sọ ọ́ fún ẹ nítorí ìdí tó gùn jáde yẹn. Àmì tí aṣọ náà fún wa nìyẹn, kò sí òmíràn. Àwọn ìlà ò lè sọ fún wa pé a ti ṣìnà, nítorí wọ́n jọra. Ohun tó ṣẹ́kù tí kò wọ ibì kankan ló ń sọ̀rọ̀, òun gan-an ni mo sì ní kí wọ́n gé. Àwọn àjákù tí kò wọ ibì kankan lọ́wọ́ rẹ yẹn, Tọ́lá, má yọ wọ́n sọ́nù kí ìwé lè mọ́ tónítóní. Kó wọn sí ọ̀tọ̀, kọ ohun tí wọ́n jẹ́ sí wọn lára.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀dà kẹta tó ń yọjú. Èyí ló gbé mi lọ sí Àgọ́-Àrẹ lánàá.

Bí mo ṣe ń ronú ni mo rántí ọjọ́ tí a lọ já ewé ní oko Bàbá Àlàó. O fẹ́ tọ ìtàkùn láti ibi ewé lọ sí ìdí ẹ̀ nínú ebè, o fẹ́ so àmì mọ́ ọn. Èmi wà lójú ọ̀nà, mò ń pariwo pé, “Tọ́lá, já ewé ká máa lọ, ewé ṣáà ni!” O já a. A lọ. Ọjọ́ yẹn ń jó mi nínú báyìí.

Mo bá Bàbá lábẹ́ igi irú, ó ń pọ́n àdá. Ó rí mi lórí ọ̀kadà, ó ní, “Ìyá Tọ́lá, kí lo tún ń lé bọ̀?”

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ebè tí Tọ́lá ti já ewé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, iṣu mélòó ló wà nínú ẹ̀?”

“Ebè wo?”

“Èyí tó sún mọ́ igi irú.”

“Ṣé o ò rí i pé gbogbo wọn ló sún mọ́ igi irú ni?”

Mo ní kó ṣáà sọ bó ṣe gbìn wọ́n. Ó ní àmúlà lòun gbìn. Àwọn kan ò tètè hù, òun rò pé èèbù wọn ti jẹrà, òun bá ti èèbù lásìnrìn, irú iṣu mìíràn, bọ inú àwọn ebè náà kí ààyè má baà ṣófo. Òjò wá rọ̀ dáadáa, àwọn tó rò pé wọ́n ti kú sì gbérí. “Àwọn ebè mìíràn wà báyìí tó jẹ́ pé àlejò àti onílé ló jọ ń gbé ibẹ̀. Ọ̀pá kan náà ni wọ́n jọ ń gùn. Tí o ò bá wa ìdí wọn, o ò lè mọ̀.”

Ọmọ mi, kíá ni mo dìde. Mo ní, “Ebè wo àti ebè wo lẹ ti lásìnrìn bọ̀?”

“Mi ò mọ̀.”

“Bàbá, ẹ rántí dáadáa. Èyí tí Tọ́lá já, ó wà lára wọn, àbí kò sí lára wọn?”

Ó gbé àdá sílẹ̀. “Tí mo bá ní ó wà lára wọn, inú ẹ á dùn, wàá gun ọ̀kadà ẹ lọ. Tí mo bá ní kò sí lára wọn, wàá gun ọ̀kadà ẹ lọ náà. Mi ò mọ̀ ni mo wí. Àbí kí n wá nǹkan kan sọ kí o ṣáà lè tètè délé?”

Ọlọ́kadà tó gbé mi bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, ìdáhùn ti jáde o! Ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Kò pa á mọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ewé iṣu méjì ló wọ inú àpò rẹ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ̀dà kẹta tó ń yọjú jẹ́ ti àlejò tó ń gun ọ̀pá onílé. Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ti gbìyànjú láti mú Bàbá sọ ọ́, kò sọ ọ́, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, nítorí bó bá ti sọ ọ́ ni, ǹ bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹ bí òótọ́, ìwọ náà ì bá sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, èmi àti Bàbá jọ wa ìdí àwọn ebè mélòó kan wò títí a fi rí ọ̀kan tí ìtàkùn kan ṣoṣo ti jáde. Àmúlà ni, ó fi ojú ara ẹ̀ wò ó, èmi náà fi tèmi wò ó. Mo so òfì pupa mọ́ ọ̀pá ẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá fẹ́ ewé tuntun, ibẹ̀ la ó ti já a, màá sì dúró títí tí wọ́n á fi já a bó ṣe yẹ. Mi ò ní tẹ fèrè.

Ó yá, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí.

Èkíní, má so ó pọ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé lẹ́tà kan wà tí ẹ máa ń tò síbi tí ẹ ò mọ̀, N, N, N, kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé ilẹ̀ ò le níbẹ̀. Nígbà yẹn mo bi ẹ́ pé, ṣé wọ́n rán ẹ níléèwé kí o lè máa kọ “mi ò mọ̀” ni? Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn padà pẹ̀lú. Tò ó síbẹ̀.

Èkejì, kì í ṣe pé mo ní kí o máa fi iṣẹ́ falẹ̀ o. Mi ò tíì ya wèrè. Mọ́ńdè ni Mọ́ńdè. Fi í ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè, pẹ̀lú àlàfo nínú ẹ̀. Àlàfo yẹn gan-an ló máa jẹ́ kí o lè fi í ránṣẹ́ lásìkò láìpa irọ́. Bí o bá ní o fẹ́ dúró títí tí gbogbo ẹ̀ á fi pé, ìyẹn náà kò dáa, wàá kàn máa jókòó tì í ni, jìnnìjìnnì á sì máa bò ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ bá ọ̀gá rẹ kó tó bá ẹ. Má jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa rí àlàfo náà fúnra ẹ̀. Wọlé, kí i, jókòó, sọ ohun tí o mọ̀, sọ ohun tí o kò mọ̀, sọ ohun tí o nílò láti fi mọ̀ ọ́. Ewé tuntun láti ara ìtàkùn kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó ń ka àjákù gígùn, bí wọ́n bá ní in, èyí tí o ní ó lè ti ìhín àwítúnwí náà kà á bọ́ sí ọ̀hún láìgbé orí sókè. Sọ ọ́ ṣókí. Má tọrọ àforíjì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, o ti máa ń tọrọ ẹ̀ jù. Sọ ti ebè Bàbá Àlàó fún un bó ṣe rí gan-an, kí o sì sọ pé ìyá rẹ ló ń kán ẹ lójú. Òótọ́ ni. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ fún mi.

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, mo gbà pé ẹni tó bá sọ “mi ò mọ̀” níwájú ọ̀gá ti parí. Mo ti wá gba àwọn ènìyàn síṣẹ́ láti ìgbà yẹn. Àwọn tó sọ fún mi pé iṣu kan ti ń rà nínú ẹrù kí ọkọ̀ tó gbéra ni mo ṣì ń pè títí di òní. Àwọn tó fi iṣu tó dáa bò ó lórí ni mi ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ó yẹ kí n ti sọ èyí fún ẹ tipẹ́. Kíá, kíá nìkan ni mo ń sọ.

Má pa fóònù mọ́. Bí o bá fẹ́ pa á, kọ́kọ́ sọ fún mi.

Ó wá ku ìbéèrè tí o bi mí. Ṣé wọ́n á lé ẹ? Mo dá ẹ lóhùn kíá ní Ọjọ́bọ̀, bí ẹni pé mo mọ ọ̀gá rẹ, bí ẹni pé mo ti wọ ọ́fíìsì yẹn rí. Láàárọ̀ yìí mo ti kọ ìdáhùn sí ibí, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ òmíràn, mo pa ìyẹn náà rẹ́. Èkíní ń tù ẹ́ nínú, èkejì ń dẹ́rù bà ẹ́, kò sì sí èyí tí mo mọ̀ pé òótọ́ ni nínú méjèèjì. Àyè ẹ̀ nìyí, mo fi sílẹ̀:

. . . . . . . . . . . . . . . .

Ohun tí mo mọ̀ ni pé yàrá rẹ wà bó ṣe wà, mo ti ní kí wọ́n tún àwọ̀n ẹ̀fọn ojú fèrèsé ibẹ̀ ṣe, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé mò ń retí pé kí wọ́n lé ẹ o. Mo ṣáà fẹ́ kí o wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ bí ẹni tó níbi tó lè padà sí.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò báyìí. Bí ojú ìwé kan ò bá dé, bí o bá rí i pé ìlà méjì ò bára mu níbì kan, má fi èrò ara rẹ dí i, má sì rò pé o mọ ohun tí màmá rẹ máa sọ níbẹ̀. Jẹ́ kó ṣófo bẹ́ẹ̀. Pè mí. Màá tún un yà.

Mo ní ìkíni ń bọ̀. Kú iṣẹ́, Àṣàkẹ́. Ṣé o ti jẹun?

Èmi ìyá rẹ, tí fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀.